Bàlúùnù Tíṣà Kẹ́mísírì

“Gbájúẹ̀ ni ẹ́!” Tíṣà kẹ́mísírì ju bàlúùnù ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ sórí káńtà ṣọ́ọ̀bù kan ní Buford, l'Amẹ́ríkà. Bàlúùnù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà láàárọ̀ yẹn, tó ń fò lókè nígbà náà, ti hunjọ bí awọ arúgbó.

“Uncle, àbí inú mọ́tò lẹ gbé e sí? Òtútù pọ̀ níta,” Praise tó ń tajà dáhùn. “Ẹ jẹ́ kó wà níbí díẹ̀.”

Tíṣà yọ ṣùtì sí i. “Ta ló bi ẹ́ léèrè òtútù? Gáàsì inú ẹ̀ ni ò pé! Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí síbí, kí lẹ mọ̀ ju fóònù lọ? Nígbà tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé n'Íbàdàn, bí ẹsẹ Bíbélì ni wọ́n ń kà á sórí: móòlù gáàsì kan, lítà 22.4! Kà á tẹ̀ lé mi.”

“Móòlù gáàsì kan, lítà 22.4, sà.”

“Níbo?”

Praise họ orí.

“Olódo! Ní òdo dígírì ni, níbi tó tutù bíi yìnyín! Tó bá wá kúrò nínú òtútù, tó wọ ibi tó gbóná ńkọ́? Kí ni gáàsì máa ṣe?”

Praise nawọ́ sí bàlúùnù. Lórí káńtà, bàlúùnù náà rọra wú, ó gbéra ńlẹ̀, ó sì forí kan tíṣà lágbọ̀n.