Pèrègún Etí Odò

Kí Adéjọkẹ́ tó dé ilé Bàbá Ezekiel ní Ìlọrà lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé náà, ó ti gbà pé òun yóò yọ eré tí òun ṣe kúrò lórí fóònù gbogbo ayé. Ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ní, ló bẹ̀ ẹ́. Ọ̀kadà kan ló gbé àwọn méjèèjì, etí rẹ̀ sì ni ìyá náà ti ń sọ ọ́ láti ilé.

"Yọ ọ́, ọmọ mi. Bí Bàbá Dorothy bá lé mi kúrò lóko, níbo ni kí n lọ gbin ẹ̀gẹ́ sí?"

"Mo ti gbọ́, Màámi."

Bàbá Dorothy ni Joel Ọ̀pádọ̀tun, àbúrò Nathaniel, bàbá Adéjọkẹ́. Ọmọ ọwọ́ ni Adéjọkẹ́ nígbà tí Nathaniel kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, Joel mú opó náà lọ sóko, ó fi pèrègún tó wà lórí òkè hàn án, ó ní ibẹ̀ ni ààlà. Òkè olókùúta di ti Àwẹ̀ní. Ilẹ̀ dúdú tó sọ̀ kalẹ̀ dé odò di ti Joel. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn ni Adéjọkẹ́ dàgbà sí, kò sì fẹsẹ̀ tẹ oko náà rí.

Ìgbà tó ń ṣe tíṣà ní Awẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn nípa ayé tí kò tíì dé: ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sínú òṣùpá, ẹ̀rọ tó ń kọ ebè, àwọn ọmọ tí kò rí òjò rí. Ìwé méjì ló jáde. Ó fún Joel ní ọ̀kan; Joel fi í ti ilẹ̀kùn ilé adìyẹ. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe eré orí fóònù, ó sì ṣe èyí tó pè ní Ọ̀dá. Òun ló fi ń jẹun. Nínú eré náà, igba ọdún ti kọjá, òjò ti dáwọ́ dúró, Ìlọrà ti di ahoro. Gbogbo igi ló ti kú, àfi pèrègún tí àwọn baba ńlá gbìn sí ààlà oko. Ẹni tó bá rí pèrègún ló rí omi.

Dorothy, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀yọ́, ló fi eré náà han bàbá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Joel wò ó. Ó ju fóònù náà sórí àga, ó sì gba ilé olórí ẹbí lọ.

Olórí ẹbí náà ni Bàbá Ezekiel. Adéjọkẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ó kí Joel náà.

"Ará òṣùpá," ni Joel wí, "o ti sọ̀ kalẹ̀? Ṣé wọ́n ń kí àgbà lọ́hùn-ún ni?"

"Joel, ro ẹjọ́ rẹ," ni Bàbá Ezekiel wí.

"Ọmọ yìí ń bà mí lórúkọ jẹ́. Ó ya Ìlọrà sínú fóònù, ó ya odò, ó wá to pèrègún sí etí odò, kí gbogbo ayé lè máa wò ó!"

"Bàbá, eré lásán ni," ni Adéjọkẹ́ wí. "Ibi tí pèrègún náà wà—"

"Mo ń sọ̀rọ̀!"

Dorothy, tó bá bàbá rẹ̀ wá, gbójú sókè. "Dádì, èmi ò rí i létí odò o. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni tèmi wà."

"Pa ẹnu rẹ dé! Ta ló bi ọ́?"

Àwẹ̀ní kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá Dorothy. Ó máa yọ ọ́."

"Ó máa yọ ọ́ kí n tó dìde níbí. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ìwọ náà lọ kó ẹ̀gẹ́ rẹ kúrò lórí òkè yẹn. Àánú ni mo fi gbà ọ́ síbẹ̀."

Adéjọkẹ́ mú fóònù rẹ̀ jáde. "Mo máa yọ ọ́, sà. Ẹ kàn jẹ́ kí n ṣàlàyé bí eré náà ṣe—"

"Àlàyé wo? Irọ́ tí o fi ń jẹun náà ni?"

Bàbá Ezekiel gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dákẹ́ ná. Joel, kò tíì yé mi. Pèrègún, létí odò, nínú fóònù. Kí ló wá dùn ọ́ níbẹ̀?"

"Ẹ̀ ń bi mí? Òun ni kí ẹ bi pé ta ló sọ fún un! Èmi àti alágbàṣe ará Ìwàrè kan nìkan la wà lóko lọ́jọ́ náà, ó sì ti kú. Kí wọ́n tó gbé òkú ẹ̀gbọ́n mi dé láti Ìbàdàn ni a ti hú u tán. Kò sẹ́ni tó rí wa!"

Dorothy ń wo ilẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni Àwẹ̀ní ṣì wà.

Bàbá Ezekiel bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ hú kí ni, Joel?"

Joel ṣí fìlà, ó fi nu ojú.

"Láti ibo?"

Joel bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga.

"Lọ́la, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wa ń lọ sóko. Ìwọ ni yóò hú u lórí òkè, ìwọ náà ni yóò gbìn ín padà sí etí odò." Bàbá Ezekiel yíjú sí Àwẹ̀ní. "Ìyàwó, dìde. Iṣu ni kí o gbìn sórí ilẹ̀ dúdú náà lọ́dún yìí."

Adéjọkẹ́ dá fóònù rẹ̀ padà sínú báàgì.

Wọn kò gun ọ̀kadà padà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn; nígbà tí wọ́n dé títì, Àwẹ̀ní dúró.

"Jọkẹ́, ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Màámi," ni Adéjọkẹ́ wí, "ìgbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣí eré yẹn, fóònù fúnra rẹ̀ ló ń yan ibi tí yóò gbin pèrègún sí, èmi tí mo ṣe é pàápàá kì í mọ ibẹ̀."