Àparò Tó Jẹ́wọ́ Àṣìṣe Rẹ̀

Ní ayé kan tí ẹnikẹ́ni kò lè ka ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́, Odídẹrẹ́ olóhùn iyọ̀ àti Àparò aláṣọ ìdọ̀tí ni akéde inú igbó. Ní ọjọ́ kan, Àparò kéde pé odò ti gbẹ. Nígbà tí ó padà lọ wò ó, omi ń ṣàn. Ó tún gun orí òkìtì, ó ní: "Ẹ̀yin ará, ẹ forí jì mí, mo ṣì í sọ."

Odídẹrẹ́ fi í rẹ́rìn-ín: "Ẹ wo akéde tó ń tú àṣírí ara rẹ̀! Èmi kò ṣì í sọ rí."

Nígbà tí ẹ̀rùn mú, Àparò sáré dé, eérú bo ìyẹ́ rẹ̀, ó ń ké pé iná ń jó bọ̀ láti orí òkè.

"Irọ́ ni!" ni Odídẹrẹ́ wí. "Kò síná níbì kan. Ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́."

Àparò ro ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ó bú sórin:

Iná ń bọ̀ látòkè o,
— Mo fojú mi rí i.
Ẹ kọ́mọ yín sódìkejì odò,
— Mo fojú mi rí i.

Ẹtu ọlọ́mọ mẹ́ta dìde. "Odídẹrẹ́, baba akéde, ṣé ojú rẹ ló dé ibẹ̀ ni, àbí etí rẹ?"

Odídẹrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ẹtu ní: "Ẹni tó sọ fún mi lọ́jọ́ tó ṣìnà, òun ni n óò tẹ̀ lé." Ó kó ọmọ rẹ̀, gbogbo igbó sì wọ́ tẹ̀ lé e.

Bí ẹni ìkẹyìn ti gòkè odò báyìí ni iná gba gbogbo igbó kan. Ọmọ kan ṣoṣo kò ṣòfò! Wọ́n gbé Àparò sókè, wọ́n ń gbe orin rẹ̀. Ohùn Odídẹrẹ́ ló sì ròkè jù nínú ègbè.

Ilé yín kò ní jóná, ojú yín kò ní rí òfò ọmọ.