Ilẹ̀kùn Firíìjì

Akọni orí tẹlifíṣọ̀n kan fa ilẹ̀kùn firíìjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì já sí i lọ́wọ́. Ó kọjú sí kámẹ́rà.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe sá pamọ́ sínú firíìjì tí wọ́n ti pa tì láé. Tí ìkọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ti há, kò ṣeé ṣí látinú."

Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Ọdún 1964 ni. Ọmọ wo nílùú Cleveland, ní Amẹ́ríkà, ni kò mọ akọni náà?

"Ẹ dá ilẹ̀kùn padà," olùdarí wí. "A máa tún un yà."

Ìyáàfin Kowalik, tó fún wọn ní firíìjì náà lọ́fẹ̀ẹ́, dìde. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ wọ́n fún: kí wọ́n yà á níṣojú òun.

"Ṣé bó ṣe rọrùn fún yín tó nìyí?"

"Ẹ má bínú, mà, wọ́n ti tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ ni. Agbára mi kọ́."

"Lenny ọmọ mi ò mọ ìyẹn. Lọ́jọ́ tó wọnú firíìjì yìí, ó ní kí àbúrò òun má bẹ̀rù, pé tó bá há, ẹ máa wá fà á já."

Olùdarí ní àsìkò ń lọ. Akọni náà gbá ilẹ̀kùn mọ́ àyà, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dá a padà.