Ṣówándé àti Kòtò Kejì

Aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, ọyẹ́ sì ti bo òkè Ìdó-Ọ̀pẹ débi pé a kò rí igi tó wà níwájú wa. Ẹ̀yin ọmọ mi, ibẹ̀ ni mo ti bá Ṣówándé ṣiṣẹ́. Ó lágbára ju gbogbo àwa tí à ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olè. Àléébù kan ló ní: kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin. Bí o bá ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti máa lọ. Bí a bá bá a wí, á ní, "Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí."

Ìyáàfin Adétóún, olùkọ́ àgbà kan láti yunifásítì, ló gbà wá síṣẹ́. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń wádìí bí ilẹ̀ agbègbè náà ṣe rí kí ènìyàn kankan tó dé ibẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wa pé ilẹ̀ dà bí ẹní tí wọ́n tẹ́ lé ara wọn, èyí tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́. Ohun tó bá kú sínú ẹrẹ̀ láyé ìgbà náà, ìbáà ṣe ìkarahun, ìbáà ṣe ewé, á di òkúta síbẹ̀. Òun ló máa sọ fún wa bóyá omi ló wà níbẹ̀ tàbí igbó. Ṣùgbọ́n àyè ò sí. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn tó ń la ọ̀nà máa gbé katakata dé láti da yangí bo ibẹ̀, kò sì sí ẹni tó tún lè gbẹ́ ẹ mọ́.

"Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ bá rí jáde," Màmá wí, "ṣùgbọ́n ẹ má ṣe..."

Ṣówándé ti bọ́ sínú kòtò tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Èmi tí mò ń fi okùn fa erùpẹ̀ jáde ni mo gbọ́ ìyókù. Nígbà tí mo fẹ́ sọ fún un, ó ní kí n máa fa okùn mi.

Màmá lọ bẹ àwọn tó ń la ọ̀nà pé kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Wọn ò gbà. Nígbà tó fi máa padà dé ní aago mẹ́rin, Ṣówándé ti gbẹ́ kòtò náà tán. Ó ti fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ gbogbo ohun tó rí, ó sì tò wọ́n sórí ẹní, láti orí ńlá dé orí kékeré.

"Màmá, ẹ wò ó, wọ́n ń dán bí abọ́ ọdún."

Màmá mú ìkarahun kan. "Ṣówándé, ṣé òkè kòtò lèyí ti wá ni, àbí ìsàlẹ̀?"

"Inú kòtò ni gbogbo wọn wà, Mà."

"Ó dáa." Kò pariwo. "Odidi ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ láàárọ̀. Ní báyìí, mi ò mọ ibi tí ìkankan nínú wọn ti wá. Ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n." Ó jókòó sílẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọlúwàbí," Fákúnlé, ọ̀kan nínú wa, sọ fún un, "ó ku kí o fi òróró pa wọ́n lára."

Ṣówándé kọjú sí Màmá. "Màmá, ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Mẹ́ta. Kò lè tó."

"Màá gbẹ́ kòtò mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ̀rọ̀ àárọ̀ yẹn tán. Mò ń gbọ́."

Màmá sọ ọ́ tán: kí a má fọ nǹkan kan, kí a fi í sílẹ̀ nínú ògúlùtu tí a bá a, kí a sì tò ó sórí pátákó gẹ́gẹ́ bó ṣe jìn sí. Ṣówándé tún gbogbo rẹ̀ sọ fún un kó tó sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀bẹ àti ọkọ́ kékeré ló fi ṣiṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí kòtò dé ìbàdí rẹ̀, ó rí ìkarahun nínú amọ̀. Mo rí i tí àtàǹpàkò rẹ̀ fẹ́ nù ún. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Màmá, ẹ wá wò ó níbi tó wà." Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ewé nìkan ló rí, wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ sínú amọ̀ dúdú. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, orúnkún rẹ̀ ti wú, kò lè kúnlẹ̀ mọ́, ó ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ gbẹ́ ẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, ó kan amọ̀ funfun. Ìkarahun tún wà nínú rẹ̀.

Màmá wo àwọn pátákó náà títí. "Ìkarahun lókè, ewé láàárín, ìkarahun nísàlẹ̀," ó wí. "Òkun wà níbí. Ó lọ, igbó hù. Ó tún padà wá. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wá."

Lórí ẹní Ṣówándé, òkun méjèèjì ti dàpọ̀ mọ́ra, kò sì sí ẹni tó lè yà wọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Agbára tí kò gbọ́ràn a máa ba iṣẹ́ jẹ́ kíákíá ju ọ̀lẹ lọ. Bí ẹ bá sì ti bà á jẹ́, ẹ má fi ẹnu nìkan bẹ̀bẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yín tún un ṣe. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣówándé jìn sí ọ̀kan, ó sì gbẹ́ òmíràn kó tó lè jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí katakata tó dé, ó gbé àwọn pátákó náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ọkọ̀ Màmá, láti èyí tó jìn jù lọ dé èyí tó wà lókè.