Àlejò Orí Àga Aláago

Nígbà tí Aláago fi máa fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àtúnṣe aago, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja. Ó ní òun ò ní ra ẹrù jọ mọ́. Ìwọ̀nba tí òun bá rà, ògidì ni yóò jẹ́. Ó ra àga kan tó ń gbé ẹ̀yìn ró bí ọwọ́ ìyá lẹ́yìn ọmọ tuntun. Ó ra fóòmù tó nípọn àti ife tíì tó tínrín tí ètè kì í fẹ́ fi sílẹ̀. Ilẹ̀kùn pálọ̀ pàápàá, igi líle ló fi pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní owó ń yún un lápò. Ó ní ẹni tó ra gbàrọgùdù, yóò tún un rà títí ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan ló gbè é lẹ́yìn. Òun ló pọ̀n ọ́n ní kékeré, òun náà ló tọ́ ọ lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ó ní, “Gbádùn ara rẹ, jàre. Ìyà tó jẹ ọ́ tó gẹ́ẹ́.”

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Télọ̀ fi ká a lára. Télọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì ilé Aláago ni.

Télọ̀ ní, “Ìyá, mi ò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ o.” Ó fa àpótí ìjókòó súnmọ́ ọn. “Àmọ́ bí bàbá yẹn bá ti jáde báyìí, kì í pẹ́ tí ọkùnrin kan fi máa ń kan ilẹ̀kùn iwájú. Kóòtù gígùn, báàgì ìrìn àjò lọ́wọ́. Ìyàwó á kúnlẹ̀ kí i, á gba báàgì, ilẹ̀kùn á sì padé.”

“Báwo lojú rẹ̀ ṣe rí?”

“Fìlà ńlá ló máa ń dé wálẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Kì í ṣe ọmọdé o, ńṣe ló ń rọra rìn bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn.”

“Kó máa dùn ún lọ!” ni Ẹ̀gbọ́n wí. Ó wá bàtà rẹ̀. “Bí mo bá bá ọkùnrin nílé yẹn lónìí, ilé bàbá rẹ̀ ni ìyàwó yẹn máa sùn.”

Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló gbà wọlé, bí ẹbí ṣe máa ń ṣe. Ìyàwó Aláago kúnlẹ̀ kí i.

“Ẹ káàbọ̀, mà. Ilé ńkọ́?”

“Ilé wà. Ọkọ rẹ ńkọ́?”

“Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé jáde ni, mà.”

“Ó dáa. Jẹ́ kí n jókòó ní pálọ̀.”

“Pálọ̀ kẹ̀? Pálọ̀ tàlejò nìyẹn, mà. Ẹ̀yin kì í ṣe àlejò, ilé yín lẹ wà.”

Ó nu bẹ́ǹṣì kan fún un. Ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì náà kan ga ju ìyókù lọ. Ó fi ife tánńganran tí etí rẹ̀ ti ṣí bu tíì fún un. Lórí tábìlì, ife tínrín ń dán lórí tíréè.

“Ta ló ni ìyẹn?”

“Àlejò tó ń bọ̀, mà.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní òjò máa rọ̀.

“Ọkọ rẹ mọ̀ ọ́n?”

“Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa.”

“Ó mọ̀ pé orí fóòmù tí òun rà ni àlejò yẹn ń nà sí?”

“Wọ́n mọ̀, mà.”

“Orí kí lọkọ rẹ fúnra rẹ̀ wá ń sùn?”

“Orí ẹní. Ó ti mọ́ wọn lára.” Ó ń nu ṣíbí kan títí ó fi ń dán. “Ohun tó bá dára, mà, a kì í lò ó nílòkulò. Ìyá mi lọ sọ́run láì fẹnu kan àwo tó dára tí wọ́n ní. Bí àlejò bá dé tí kò bá nǹkan gidi nílẹ̀, ojú ta ni yóò tì?”

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn iwájú. Ìyàwó tún ìró rẹ̀ ró, ó gbé tíréè, ó wọ pálọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Igi náà le lóòótọ́. Ohùn ọkùnrin náà ò kọjá ìkùnsínú, àmọ́ ti ìyàwó ń dún ketekete.

“Ẹ káàbọ̀, sà! Ẹ kú ìrìn! Ọ̀nà jìn o!”

Ọkùnrin náà kùn.

“Orí àga yẹn ni kẹ́ ẹ jókòó sí. Ẹ fara tì í. Ẹ̀yìn yín ńkọ́ lónìí?”

Ó tún kùn.

“Bàálé ilé? Wọn ò sí nílé, sà. Bí wọ́n bá dé, mo máa sọ fún wọn pé ẹ béèrè wọn.” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. “Ẹ mu tíì yín. Mo ti tẹ́ fóòmù sílẹ̀, bí oorun bá ń kùn yín.”

Ẹ̀gbọ́n gbé tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó rántí ọmọ tí òun fi ẹ̀yìn òun pọ̀n, tó wá di ẹni tó ń sùn lórí ẹní nílé ara rẹ̀ nítorí àlè. Ó dìde. Bẹ́ǹṣì dojú dé. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà ṣí, ó já wọ pálọ̀.

“Aláìnítìjú! Dìde lórí ohun tí àbúrò mi fi òógùn ojú rẹ̀ rà!”

Ó na ọwọ́, ó sì gbá fìlà náà sọ nù.

Aláago ló jókòó síbẹ̀, tòun ti báàgì òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ife tínrín náà kúrò lẹ́nu, ó sì rọra sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ padà jáde, ẹ yí ilé po bí mo ṣe máa ń yí i po, kí ẹ wá kan ilẹ̀kùn iwájú, wọ́n á fún ẹ̀yin náà ní ife gidi.”