Ẹjọ́ Igi Odán

Ìjọba ní igi tó bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ni òun á máa náwó omi lé lórí. Nítorí náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń lọ rojọ́ fún odán kan ṣoṣo tó kù ní òpópónà wa.

Ẹ̀rọ tó wà lójú fèrèsé ọ́fíìsì wọn kí mi dáadáa. Ó mọ èèyàn kí, kò mọ ọ̀rọ̀ gbọ́.

"Ìyá Ìbídùn, iṣẹ́ wo ni igi yín ṣe lọ́sẹ̀ yìí?"

"Àwọn èèyàn jókòó sábẹ́ rẹ̀."

"Ìjókòó kì í ṣe iṣẹ́, mà."

Mo ní abẹ́ rẹ̀ ni a ti parí ìjà tọkọtaya mẹ́ta láìsí ọlọ́pàá. Ó ní kí n mú ìwé ẹ̀rí wá. Ta ní í gba ìwé ẹ̀rí torí pé ìjà parí?

"A ó gé omi rẹ̀ lónìí," ni ẹ̀rọ wí. "Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọ̀gá wa á dé lágogo mẹ́ta. Oòrùn yìí pọ̀, mà. Ẹ lọ dúró dè é níbi tó bá tutù."

Mo lọ sábẹ́ odán. Ọ̀gá wọn ti wà níbẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó ń hanrun.