Iṣẹ́ Tí Wọ́n Fi Lọ̀ Ọ́

Ọmọbìnrin oníṣirò owó náà ti mú bírò lọ́wọ́ kó tó tọrọ àyè, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé-iṣẹ́ ìdókòwò tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ yìí.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ilé-ẹ̀kọ́ òwò ń retí èsì mi lónìí, ọ̀gá yín sì ní kí n buwọ́ lùwé báyìí. Èwo ni kí n mú?"

Ó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀.

"Gba iṣẹ́. Àìsàn Màmá ò lè dúró dè ọ́ kí o kàwé tán."

Ó ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà pé kí wọ́n fi àyè òun fún ẹlòmíràn. Ó buwọ́ lùwé. Omi lé ròrò sí i lójú. Ọ̀gá rò pé ayọ̀ ni.

"Wá wo ọ́fíìsì rẹ," ni ọ̀gá wí, ó sì mú un gòkè.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá níbẹ̀, tó ń kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí.

"Bọ̀ọ̀dá mi! Ẹ mọ̀ pé ipò yín ni?"

"Àná ni wọ́n ní kí n máa lọ. Ká ní o kọ̀ ọ́, ẹlòmíràn ni wọn ì bá fún."

Ó fi ọwọ́ aṣọ rẹ̀ nu tábìlì náà, ó fa àga sẹ́yìn fún un.

"Jókòó."